Ibi Tó Há

4.

…tí apá òsì ojú mọ́nítọ̀ náà sì tún ṣókùnkùn. Sùrájù ní uná ló rọ̀. Yínká gbójú sókè wo gílóòbù. Lóòótọ́ ni, gílóòbù náà pupa bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ó gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ní Ìkọ̀lé, bí nǹkan kan bá ṣókùnkùn, iná la kọ́kọ́ ń bú, ká tó bú ẹlòmíràn.


[Ìwé 1 sí 3 ti sọnù. Ẹni tó ń to àwọn ìwé yìí jọ wá wọn tì. Kò sí nǹkan bàbàrà nínú wọn: bí Adéyínká, tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì nítòsí ọgbà yunifásítì, ṣe bá Sùrájù aránṣọ, ọmọ Ìpáò, pàdé, bí ògiri kan ṣoṣo ṣe wà láàrin ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe jọ ra kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn nìyẹn. Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ jẹ́ ká máa lọ.]


5.

LÁRA PÁÀLÌ KAN. ỌWỌ́ YÍNKÁ LÓ KỌ Ọ́.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ LỌ́JỌ́ TÍ A GBÉ E DÉ

Àpótí rẹ̀ — Yínká
Prosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀ — Yínká
Ráàmù, ìyẹn ìrántí rẹ̀ — Sùrájù
Káàdì àwòrán — Sùrájù (aṣọ Iléyá ló rán tó fi rà á)
Dísíìkì — Yínká
Fáànù méjì — Sùrájù
Mọ́nítọ̀ — àwa méjèèjì

ÒFIN: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i lẹ́yìn ẹnì kejì.

Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Sùrájù ya abẹ́rẹ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.


6.

Ẹ gbọ́ ti fáànù yẹn ná.

Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, fáànù Sùrájù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Màríàm, ìyàwó Sùrájù, á gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, á sì pariwo pé, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì á bi Yínká bóyá ó ń lọ àgbàdo lẹ́yìn. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbé tiwọn wá.


7.

WÁSÁÀPÙ. YÍNKÁ ÀTI INJINÍÀ LÁNÍPẸ̀KUN, TÓ Ń TÚN KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE NÍ Ọ̀YẸ́.

Yínká: Ẹ kú iṣẹ́, Injiníà. Kọ̀ǹpútà wa ti darúgbó. Bọ́ọ̀lù ń fà lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní igun òsì ń ṣókùnkùn, ó ní ṣe ni àwọn agbábọ́ọ̀lù kàn ń yọ sí òun lójijì.

Injiníà: Ó há níbì kan ni.

Yínká: Kí ló há?

Injiníà: Ẹ lọ síbi ẹ̀rọ omi àdúgbò yín. Tánkì kún. Garawa ogójì wà nílẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń yọ omi. Ṣé tánkì lẹ máa pààrọ̀?

Yínká: Rárá. Ẹnu ẹ̀rọ ni.

Injiníà: Ẹ wá ibi tó há. Ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Bí ẹ bá ń tún ibòmíràn ṣe, ẹ kàn ń fi àsìkò ṣòfò ni.


8.

OHUN TÍ WỌ́N PÀÀRỌ̀, ÀTI OHUN TÍ SÙRÁJÙ SỌ

Oṣù Kẹrin. Ráàmù. — "Ó dára díẹ̀."

Oṣù Karùn-ún. Dísíìkì. — "Ó ti yá sí i. Ó dára díẹ̀."

Oṣù Keje. Sitebiláísà tuntun, nítorí iná tó ń rọ̀. — "Ó dára díẹ̀."

Oṣù Kẹjọ. Prosẹ́sọ̀ àti káàdì àwòrán. — "Ó dára. Díẹ̀."

Oṣù Kẹwàá. Mọ́nítọ̀ tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. — Nígbà tó yá, ó ní: "Ó fẹ̀ jù."


9.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni wọ́n ń pa òfin mọ́. Yínká ló ń tú ìdè, Sùrájù ló ń tan tọ́ọ̀ṣì. Yínká a máa súfèé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ máa ń dùn lásìkò yẹn ju ìgbà tí wọ́n bá jẹ gọ́ọ̀lù lọ.

Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì náà kò dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà mọ́. Á tan sí ara ògiri. Á tan sí itan Yínká.

"Síbí, Sùrájù. Síbí."

"Má bínú. Ọwọ́ ń ro mí ni."

Ọwọ́ ń ro ó. Ó dáa. Aránṣọ ni, ọwọ́ aránṣọ kò lè ṣe kó má ro ó.


10.

ÀKỌSÍLẸ̀ OHÙN. Géèmù ló gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú hẹ́dífóònù. Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sán gangan.

YÍNKÁ: Gbá a fún mi. Gbá a… o ṣeun.
SÙRÁJÙ: Mo wà lẹ́yìn rẹ.
YÍNKÁ: Wo òsì. Sùrájù, apá òsì!
SÙRÁJÙ: Kò sẹ́ni níbẹ̀.
YÍNKÁ: Ó ń sáré bọ̀!
SÙRÁJÙ: Mo ní kò sẹ́ni níbẹ̀.
(Ariwo èrò. Gọ́ọ̀lù ti wọlé.)
SÙRÁJÙ: Níbo lèyí ti yọ?
YÍNKÁ: Apá òsì.
SÙRÁJÙ: Uná yìí náà ni o.
YÍNKÁ: Uná ni, jàre. Má dá ara rẹ lẹ́bi. Mo máa tún pe Injiníà.
SÙRÁJÙ: Yínká.
YÍNKÁ: Ẹ̀n?
(Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Fáànù nìkan ló ń dún.)
SÙRÁJÙ: Kò sí. Jẹ́ ká tún un gbá.


11.

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Yínká ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún.


12.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Oṣù Kẹwàá parí, Injiníà Lánípẹ̀kun fúnra rẹ̀ wá sí Ìkọ̀lé. Ó yọ fáànù ìlọta méjèèjì, ó jù wọ́n sínú báàgì rẹ̀, ó fi òmíràn sí i. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ ò tún ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láéláé," ni Injiníà wí, ó ń nu ọwọ́.

Sùrájù na etí sí àpótí náà. "Báwo la ó ṣe máa mọ̀ pé ó ti tàn?"

Yínká rẹ́rìn-ín. "Kí lojú rẹ wà fún?"

Sùrájù náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Pẹ̀lú ìyẹn, ohun tí Sùrájù rà kò kù nínú kọ̀ǹpútà náà mọ́, ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i lọ́jọ́ náà.


13.

OHUN TÍ YÍNKÁ RÍ LÁÀRIN OṢÙ WỌ̀NYẸN, ÀTI ORÚKỌ TÓ SỌ WỌ́N

Sùrájù fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Orúkọ rẹ̀: ìkánjú.

Etí ṣòkòtò tó rán fún olùkọ́ kan wọ́. Orúkọ rẹ̀: iṣẹ́ Iléyá tó pọ̀ jù.

Ó fẹ́ gbé ike omi àlùwàlá, ọwọ́ rẹ̀ gbá a dànù. Orúkọ rẹ̀: iná tó lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Bámgbóṣé tó ni ṣọ́ọ̀bù wọn, kò kí Màmá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Màmá ní ọmọ náà ti ń gbéra ga. Yínká ló bá a bẹ̀bẹ̀. Orúkọ rẹ̀: ìrònú.

Ó ní kí Yínká má jókòó sí òsì òun mọ́, ọ̀tún ni kó máa wà. Kò ní orúkọ.

Màríàm ló ń bá a fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Orúkọ rẹ̀: ìfẹ́.


A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Yínká mọ òwe yẹn dáadáa. Ó ti bá ẹgbẹ́ kan tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà rí.


14.

ÌKÉDE — ÌKÉDE — ÌKÉDE
ÌDÍJE BỌ́Ọ̀LÙ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ, Ọ̀YẸ́-ÈKÌTÌ
Sátidé kejì, Oṣù Kọkànlá. Aago mẹ́wàá àárọ̀.
Èèyàn méjì-méjì ni. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání.
Jẹnẹrétọ̀ wà! Iná kò ní rọ̀!


15.

Wọ́n fi àjákù àǹkárá Sùrájù wé kọ̀ǹpútà náà, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú takisí láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́. Yínká ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tó ti gba ife-ẹ̀yẹ. Sùrájù ń dáhùn pé àmín.

Jẹnẹrétọ̀ wà lóòótọ́. Iná funfun báláú. Kọ̀ǹpútà ń sáré bí ehoro. Nǹkan kan kò fà.

Gọ́ọ̀lù mẹ́rin ló wọlé sí wọn nínú àwọ̀n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti apá òsì.

Ohun tí Yínká sọ nígbà náà:

Ẹ̀dà kìíní. Yínká ní, "Má ṣèyọnu, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún ń bọ̀."
[Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.]

Ẹ̀dà kejì. Yínká ní, "Kí ló dé tí o kò rí i?"
[Ó sún mọ́ ọn. Òun kọ́.]

Ẹ̀dà kẹta, láti inú fídíò tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yà. Yínká já hẹ́dífóònù kúrò létí, ó dìde, ó ní: "Mo ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan! Gbogbo nǹkan pátá! Ìwọ ló kù! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èébú ojoojúmọ́ kúkú ni. Ìyá ń bú ọmọ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ń bú ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú fídíò náà, Sùrájù yí orí síbi tí ohùn ti wá. Ó yí i kọjá díẹ̀. Ògiri ló ń wò.


16.

Ẹyin lohùn.


17.

ÀYẸ̀WÒ KỌ̀ǸPÚTÀ. Yínká ló ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó sì dà á kọ sílẹ̀.

Prosẹ́sọ̀: ó dára.
Ráàmù: ó tó, ó ṣẹ́ kù.
Dísíìkì: ó yára.
Káàdì àwòrán: ó dára púpọ̀.
Mọ́nítọ̀: ó mọ́lẹ̀ dọ́gba, láti igun dé igun.

KÒ SÍ IBI TÓ HÁ.


18.

"Bọ̀dá Yínká, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màríàm ni. Ẹ má bínú, ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Láti ìtúnu ààwẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé ojú aránṣọ ń ṣú, ta ló máa gbé aṣọ wá? Mo ní kó sọ fún ẹ̀yin nìkan. Ó ní ẹ ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ká ṣì dúró, pé ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ni lóòótọ́. Bọ̀dá mi, ó gbà á gbọ́ díẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀, nítorí uná tiwa náà kò dáa. Láti ọjọ́ Ọ̀yẹ́ kò tíì jáde nínú ulé. À ń lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ìdó lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí ẹ má tẹ̀ lé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé wa."


19.

ÌDÓ. Yínká kọ ọ́ sílẹ̀ láti orí, bó ṣe gbọ́ ọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbé àgbọ̀n síbí. Àárín ni kí ẹ máa wò. Iná kéékèèké á máa tàn káàkiri. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí.
SÙRÁJÙ: Bíi géèmù.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ pè é bẹ́ẹ̀.
SÙRÁJÙ: Àtàǹpàkò mi yára o, mà.
(Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó dúró pẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.)
SÙRÁJÙ: Ẹ ti dá a dúró ni?
NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá. Ó ń lọ lọ́wọ́.
(Ó dúró.)
SÙRÁJÙ: Mo ti parí? Mélòó ni mo jẹ?
(Nọ́ọ̀sì ń fa ìwé yọ lára ẹ̀rọ.)


20.

OJÚ ÒSÌ. Ibi tó dúdú ni iná ti tàn tí Sùrájù kò tẹ nǹkan kan.

■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■
■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■
■ ■ ■ ■ ■ · ■ ■ ■
■ ■ ■ ■ · · · ■ ■
■ ■ ■ ■ ■ · ■ ■ ■
■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■
■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■ ■


21.

Dókítà ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà. Ó ní oògùn kan wà tó máa gbìyànjú láti dá ìyókù dúró, kí wọ́n má fi jáfara.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ìtúnu ààwẹ̀," ni Màríàm wí.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ ì bá ti wá nígbà yẹn."

Yínká ka àwọn oṣù náà lórí ìka. Ráàmù. Dísíìkì. Sitebiláísà. Prosẹ́sọ̀ àti káàdì. Mọ́nítọ̀. Fáànù.


22.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ilé-ìwòsàn, mo sunkún títí

Rárá. Yínká jókòó. Yínká ló sunkún. Ẹni tó ń to àwọn ìwé yìí jọ kò sí níbẹ̀.


23.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà, wọ́n ti kọjá Ọ̀yẹ́ kí Yínká tó bi í pé:

"Èé ṣe tí o kò sọ fún mi?"

Sùrájù pa ojú dé. Ó ní ojú ń rẹ òun láti ìgbà tí wọ́n ti kán oògùn sí i.

"Nígbà tí o bá ṣí kọ̀ǹpútà, ṣe lo máa ń súfèé," ni ó wí. "Mo ní bóyá ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí ò ń rà á bá a mu. Mo tún fẹ́ kí o máa súfèé náà."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Yínká ní i lẹ́nu, ó gbé e mì. Ta ló fún un láyè láti sọ̀rọ̀? Kì í kúkú ṣe ẹni tó ń bú uná fún oṣù méje ló yẹ kó máa pòwe fún ọlọ́ràn.

"Ohun tí mo sọ ní Ọ̀yẹ́…"

"Mo gbọ́ ọ," ni Sùrájù wí. "Etí mi ò ṣe nǹkan kan."


24.

OHUN TÍ YÍNKÁ KỌ TÍ KÒ FI RÁNṢẸ́, lẹ́yìn tí Sùrájù àti Màríàm kó padà sí Ìpáò

"Sùrájù, dárí jì mí."
[Ta ló máa kà á fún un?]

Ohùn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Èémí nìkan ló wà nínú rẹ̀.
[Ó pa á rẹ́.]

"Màríàm, ẹ bá mi sọ fún un pé"
[Kò mọ ohun tó kàn.]

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ohun téèyàn máa fi àbámọ̀ náà ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Ó dun Yínká. Ó ń dùn ún lójoojúmọ́, kò sì lẹ́ni tó máa bá sọ ọ́, nítorí ẹni tó máa ń bá sọ̀rọ̀ ló ṣẹ̀.


25.

Ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n wá láti Ìpáò wá kó ẹ̀rọ ìránṣọ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹlòmíràn ti gba ibẹ̀. Bí Màríàm ṣe ń palẹ̀ mọ́, Sùrájù fi ọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Yínká. Ó fọwọ́ wá àga rẹ̀ kàn. Ó jókòó.

"Ẹ kú uṣẹ́ níbí o."

"Sùrájù." Yínká sún sí ọ̀tún rẹ̀. "Uṣu tí o fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti jẹ ẹ́ tán."

"Jẹ́ ká gbá ẹyọ kan kí òjò tó dá. Àárín ṣì ń ríran díẹ̀."

Yínká tẹ bọ́tìnnì. Ó gbé páàdì géèmù lé e lọ́wọ́. Sùrájù gbé àtàǹpàkò sí ipò, ó kọjú síwájú, ó ń dúró de ìfèé rẹfirí.

Ó dúró.

"Yínká."

"Ẹ̀n?"

"Uná ti lọ ni?"

Gílóòbù ń tàn. Pápá ti bo gbogbo ojú mọ́nítọ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún sì ti wà lórí ìdúró. Kọ̀ǹpútà náà kò dún pínkín. Òjò ń lu páànù.

Ẹ̀dà kìíní. Yínká ní, "Uná wà."
[Kò lè sọ ọ́.]

Ẹ̀dà kejì. "Ó ti lọ," ni Yínká wí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó pa ẹ̀rọ náà. Ó dìde, ó pa gílóòbù pẹ̀lú, kó má bàa jẹ́ irọ́.

"Wọ́n á mú un dé," ni Sùrájù wí. Kò gbé páàdì sílẹ̀.

[Kò sí ẹ̀dà kẹta.]


26.

WÁSÁÀPÙ. ỌJỌ́ KEJÌ, ÀÁRỌ̀.

Yínká: Ẹ káàárọ̀, Injiníà. Fáànù méjì tí ẹ yọ lára kọ̀ǹpútà wa lọ́jọ́sí, ṣé wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Injiníà: Àwọn tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta yẹn? Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Yínká: Mo fẹ́ dá wọn padà sínú rẹ̀.

Injiníà: Ha. Wọ́n máa dá ẹ̀rọ yín padà sẹ́yìn o.

Yínká: Mo mọ̀.

Injiníà: Ẹ jẹ́ kí n wo inú àwọn pàǹtí mi ná. Mi ò ṣèlérí.

(Wákàtí méjì.)

Yínká: Ṣé ẹ rí wọn?

Yínká: Ẹyọ kan náà tó.

*Injiníà Lánípẹ̀kun ń kọ̀wé lọ́wọ́…*